Wíwá Lọ́tọ̀, Kíkà Lọ́tọ̀: Bí Ẹni Tó Ń Gúgù Lójoojúmọ́ Ṣe Lè Padà Máa Kàwé Parí

Iṣẹ́ méjì ló wà nínú fóònù tí a kì í yà sọ́tọ̀: wíwá nǹkan, àti kíkà á. Eré ni ẹni tó ń wá nǹkan ń sá. Ojú rẹ̀ ń gbálẹ̀ kiri bíi ti ẹni tí owó rẹ̀ já bọ́ ní Tákíé l’Ógbómọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ ọjà. Ẹni tó ń kàwé ní tirẹ̀ jókòó ti ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni, ó ń bá a bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ibi tó rọ̀ àti ibi tó le. Fóònù kan náà la fi ń ṣe méjèèjì, lórí àga kan náà, ní wákàtí kan náà. Nígbà tó bá yá, eré ti wíwá á wọ inú kíkà, ojú ò ní mọ bí wọ́n ṣe ń rìn mọ́, àfi kó máa sáré.

Akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH, yunifásítì tó wà l’Ógbómọ̀ṣọ́, tí gbogbo háńdáàtì rẹ̀ wà nínú fóònù la ní lọ́kàn, àti ọmọ tó ń múra UTME, ìdánwò àtiwọ yunifásítì, àti olùkọ́, àti ẹnikẹ́ni ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ọ̀yọ́ tó ti kíyè sí i pé òun kì í ka ìwé dé ojú ewé kẹrin mọ́ kí ọwọ́ òun tó lọ sápò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni iṣẹ́ yìí máa gbà. Ẹ kò ní ta fóònù yín, ẹ kò sì ní búra pé ẹ ò gúgù mọ́. Bí ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀ kò bá ju ọjọ́ tí ìdánwò bẹ̀rẹ̀ tàbí ibi tí ilé oògùn kan wà lọ, ẹ gúgù ẹ̀, kẹ́ ẹ pa á dé, ó tán. Ohun tó yẹ kéèyàn kà kó sì yé e là ń sọ.

Ohun tó ń ṣe ojú àti ọkàn

Ní ọdún 2006, Jakob Nielsen, olùwádìí lórí bí èèyàn ṣe ń lo íntánẹ́ẹ̀tì, tẹ ìwádìí kan jáde lórí bí ojú èèyàn 232 ṣe ń rìn lórí ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tó pọ̀ jù tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n ka àwọn ìlà òkè lọ sí apá ọ̀tún, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, wọ́n tún ka ìlà kan dé àbọ̀, lẹ́yìn náà ojú wọn kàn ń bá etí òsì sọ̀ kalẹ̀ lọ ni. Téèyàn bá ya ipa ojú náà, lẹ́tà F ló máa jáde. Apá ọ̀tún, láti àárín dé ìsàlẹ̀, di igbó tí ẹnikẹ́ni ò tẹ̀. Fún ẹni tó ń wá iye owó nǹkan, kò sí aburú nínú ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ gbé irú ojú bẹ́ẹ̀ wá sórí ìbéèrè ìdánwò tí “except” jókòó sí ìparí ìlà, ẹ ó rí ìdí tí ọmọ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ fi ń kùnà ohun tó mọ̀.

Èkejì kan ìrántí. Betsy Sparrow àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ iṣẹ́ kan jáde ní 2011 tó fi hàn pé bí èèyàn bá ti gbà pé kọ̀ǹpútà yóò bá òun tọ́jú ọ̀rọ̀ kan, kì í fi bẹ́ẹ̀ rántí ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Ibi tó kó o sí ló máa ń rántí dáadáa. Èyí kì í ṣe àìsàn. Nínú agbo ilé, baálé ló mọ ìtàn ìdílé, ìyá àgbà ló mọ ewé, a kì í kó gbogbo rẹ̀ lé orí ẹnì kan. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé fóònù kì í bá èèyàn wọ gbọ̀ngàn ìdánwò, kì í sì í dáhùn nígbà tí dátà bá tán.

Ẹ̀kẹta ni àṣẹ́kù ọkàn. Olùwádìí kan, Sophie Leroy, ṣàlàyé rẹ̀ ní 2009: ẹni tó bá fi iṣẹ́ kan sílẹ̀ láìparí lọ sórí òmíràn, apá kan ọkàn rẹ̀ á ṣì wà lórí ti àkọ́kọ́, bí ẹ̀kọ ṣe ń lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò. Ẹ wá rò ó wò: líǹkì márùn-ún nínú ojú ewé kan, ẹ tẹ mẹ́ta, ẹ ò ka ìkankan tán. Ìkòkò mẹ́ta tí a ò fọ̀ ti wà nílẹ̀ kí ẹ tó padà sí ibi tí ẹ ti kúrò.

Gloria Mark, ní Yunifásítì California ti Irvine, ti ń wọn iye àkókò tí èèyàn ń lò lórí ohun kan lójú kọ̀ǹpútà kó tó yí sí òmíràn. Ní 2004, ó jẹ́ ìṣẹ́jú 2 àbọ̀. Ní 2012, ìṣẹ́jú-àáyá 75. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ti wá sí nǹkan bí 47. Àṣà ló ń wọ̀n, kì í ṣe agbára ọpọlọ, ìyàtọ̀ yẹn sì ṣe pàtàkì, torí àṣà ṣeé yí padà. Èyí tí wọ́n ń pín kiri lórí WhatsApp pé ọkàn ọmọ èèyàn kò lè dúró ju ìṣẹ́jú-àáyá 8 lọ, pé ẹja inú ìgò sàn jù wá lọ, kò ní ìwádìí gidi nídìí. Ẹni tó lè jókòó wo bọ́ọ̀lù fún ìṣẹ́jú 90 láìgbójú sókè, ọkàn rẹ̀ ń ṣiṣẹ́.

Ọ̀sẹ̀ kìíní: ẹ kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n

Ẹ má tíì yí ohunkóhun padà. Lórí fóònù Android, ẹ lọ sí Settings, ẹ wá Digital Wellbeing. Lórí iPhone, Screen Time ni orúkọ rẹ̀. Ẹ kọ nǹkan méjì sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta: wákàtí tí ẹ lò lójúmọ́, àti iye ìgbà tí ẹ ṣí fóònù. Ti Android ń jẹ́ Unlocks, ti iPhone ń jẹ́ Pickups. Iye ìgbà ni kẹ́ ẹ fojú sí jù. Ẹni tó fi wákàtí mẹ́ta ka ìwé kan lórí fóònù kò jọ ẹni tó ṣí i nígbà 120 fún wákàtí mẹ́ta kan náà.

Ní ọjọ́ kẹrin, ẹ mú ìwé kan tí a tẹ̀ sórí bébà, ojú ewé mẹ́wàá ó kéré tán, tí ẹ kò tíì kà rí, àti pẹ́ńsù, àti aago ọwọ́. Ẹ má fi fóònù ṣe aago. Ẹni tó bá gbé e láti wo aago kò ní wo aago nìkan. Ẹ kà fún ìṣẹ́jú 20. Gbogbo ìgbà tí ọwọ́ bá lọ síbi fóònù, tàbí tí ọkàn bá lọ síbẹ̀ tí ọwọ́ ò tíì lọ, ẹ fa ìlà kan sí etí ìwé. Nígbà tí àkókò bá pé, ẹ ka ìlà wọ̀nyẹn, ẹ kọ iye wọn àti ojú ewé tí ẹ kà dé. Ẹ tọ́jú bébà yẹn, a máa padà sórí rẹ̀.

Kí ẹ lè mọ̀ bóyá ẹ kàwé ni tàbí ẹ sáré kọjá: Marc Brysbaert kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ ní 2019, ó rí i pé àgbàlagbà tó ń ka Gẹ̀ẹ́sì tí kì í ṣe ìtàn-àròsọ, tó ń kà á sínú, ń ka nǹkan bí ọ̀rọ̀ 238 ní ìṣẹ́jú kan. Bí ojú ewé A4 kan bá gba ọ̀rọ̀ 500, ojú ewé 10 á gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 21. Ẹni tó ní òun ti ka ojú ewé 10 ní ìṣẹ́jú 5 kò kà á. Ó gba iwájú ilé rẹ̀ kọjá ni. Ìwé Yorùbá tó ní àmì ohùn lè gba àkókò jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ́ lára, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀.

Wíwá: ìṣẹ́jú 15, lẹ́yìn náà ẹ pa dátà

Ẹ ra ìwé kíkọ olójú-ewé 60 kan ṣoṣo fún iṣẹ́ yìí. Kí ẹ tó tan dátà, ẹ kọ ìbéèrè yín sí i ní gbólóhùn kan tó parí. “Kajú” kì í ṣe ìbéèrè. “Kí ló ń mú òdòdó kajú gbẹ dànù kó tó so lágbègbè Ògbómọ̀ṣọ́ lásìkò ọyẹ́?” ni ìbéèrè. Lábẹ́ rẹ̀, ẹ kọ ohun tí ẹ̀yin fúnra yín rò pé ìdáhùn máa jẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ àbá lásán: kòkòrò ni, tàbí àrùn, tàbí ọyẹ́ fúnra rẹ̀. Ẹ má fò ó. Orí tó ti dá àbá tẹ́lẹ̀ máa ń di ìdáhùn mú ju orí tó kàn la ẹnu sílẹ̀ lọ, ẹ ó sì mọ ìgbà tí ẹ rí ohun tí ẹ wá, torí àìmọ ìgbà tó yẹ kéèyàn dúró ló ń mú wíwá ìṣẹ́jú 10 di wákàtí méjì.

Nísinsìnyí, ẹ tan dátà, ẹ wo aago. Bí a ṣe ń kọ ọ́ sínú àpótí ìwáǹkan nìyí.

Bí ẹ bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ méjì tàbí mẹ́ta dúró papọ̀ bí ẹ ṣe kọ wọ́n, ẹ fi àmì ọ̀rọ̀-ẹnu (“ ”) sí ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí wọn. Bí ẹ bá fẹ́ yọ ohun kan kúrò, ẹ fi àmì ìyọkúrò síwájú rẹ̀ láìfi àlàfo sílẹ̀: Ogbomoso -hotel. Bí ẹ bá fẹ́ ti àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga Nàìjíríà nìkan, ẹ fi site:edu.ng kún un. Ti ìjọba, site:gov.ng, ti LAUTECH nìkan, site:lautech.edu.ng. Bó bá jẹ́ ìwé odidi lẹ fẹ́, filetype:pdf. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni fífi àlàfo sẹ́yìn àmì tótótó méjì (:) yẹn: “site: edu.ng” kò ní ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, “site:edu.ng” ló ń ṣiṣẹ́.

Orúkọ ìlú wa náà ní ìṣòro tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé àtijọ́ àti ìwé ìjọba ló kọ ọ́ ní Ogbomosho, àwọn míì kọ ọ́ ní Ogbomoso. Ẹ kọ méjèèjì pẹ̀lú OR láàárín wọn, lẹ́tà ńlá méjèèjì: Ogbomoso OR Ogbomosho. Ẹni tó bá kọ ẹyọ kan pàdánù nǹkan tó wà lábẹ́ èkejì.

Tó bá jẹ́ pé Yorùbá lẹ fi ń wá a, ẹ rántí pé “oko” tí kò ní àmì lè jẹ́ oko tí a ń ro, ọkọ ìyàwó, ọkọ̀ tí a ń wọ̀ tàbí ọkọ́ tí a fi ń ro oko, kí á má tíì dárúkọ èyí tí a kì í sọ níwájú àgbà. Ẹ fi ọ̀rọ̀ kejì tì í: “ọkọ́ àti àdá”, “ọkọ̀ ojú irin”. Gboard, pátákó ìtẹ̀wé Google, ní ti Yorùbá tó ń gbé àmì jáde, ẹ fi kún fóònù yín. Kẹ́ ẹ wá a lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú àmì, lẹ́ẹ̀kan láìní àmì, torí ọ̀pọ̀ tó ń kọ Yorùbá lórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í fàmì sí i.

Bí èsì bá jáde, ẹ má tẹ èyí tó wà lókè pátápátá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ ka àkọlé àti àdírẹ́sì gbogbo èsì ojú ewé yẹn ná, kẹ́ ẹ bi ara yín pé ta ló kọ ọ́. Lórí ọ̀rọ̀ kajú, ilé-iṣẹ́ ìwádìí kòkó, CRIN, tó wà ní Ìdí-Ayùnrẹ́ n’Íbàdàn, ni ìjọba gbé kajú fún pẹ̀lú kòkó, obì, kọfí àti tíì. Ohun tí wọ́n bá kọ yẹ kó ṣáájú ti ẹni tó kàn ń ta àjílẹ̀. Ẹ yan mẹ́ta. Bí ẹ bá rí kẹrin tó dára jù, ẹ pa ọ̀kan dé kí ẹ tó ṣí i.

Láti nǹkan bí ọdún 2014 ni Google ti ń já gbólóhùn kan láti inú ojú ewé ẹlòmíràn gbé sókè pátápátá gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn. Láti 2024, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ti ń hun ìdáhùn síbẹ̀. Oríkì Ògbómọ̀ṣọ́ ní: ọmọ Ajílété, ibi tí wọ́n ti ń jẹ iyọ̀ kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ yangan. Ìdáhùn tí Google gbé sókè yẹn, iyọ̀ ni. Ẹni tó bá lá iyọ̀ tó dìde kò tíì jẹun, bó bá sì jẹ́ pé wọ́n ti po nǹkan míì mọ́ iyọ̀ náà, kò ní mọ̀, torí kò dé ibi tí wọ́n ti sè é. Ẹ̀rọ máa ń fi ìdánilójú sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ lò ó láti mọ ọ̀rọ̀ tí ẹ ó tún fi wá nǹkan, ẹ má fi kọ àsáìńmẹ́ǹtì.

Bí ojú ewé mẹ́ta tí ẹ yàn bá ti pé, ẹ tọ́jú wọn sínú fóònù. Lórí Chrome ti Android, ẹ tẹ àmì tótótó mẹ́ta tó wà lókè lápá ọ̀tún, ẹ tẹ ọfà tó kọjú sísàlẹ̀. Ẹ tan flight mode. Wíwá ti parí, ìṣẹ́jú 15 pé tàbí kò pé. Yàtọ̀ sí pé ó ń ṣọ́ ọkàn, ó ń ṣọ́ àpò: ojú ewé tó ní fídíò tó ń tan ara rẹ̀ máa ń jẹ dátà nígbà tí ẹ rò pé ọ̀rọ̀ lásán lẹ ń kà.

Kíkà

Ẹ dìde kúrò níbi tí ẹ ti wá a. Bó jẹ́ àga kan náà ni, ẹ yí i padà kó kọjú síbòmíì. Ní Under G, àdúgbò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH pọ̀ sí, lọ́wọ́ alẹ́ tí jẹnẹrétọ̀ bá ti ń ké lọ́tùn-ún lósì, kíkà kì í rọrùn. Olúṣẹ́gun Òkè Library ní LAUTECH dára lọ́sàn-án, abẹ́ máńgòrò inú ọgbà dára láàárọ̀, agogo 5 ìdájí sì sàn ju agogo 11 alẹ́ lọ fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Bí wọ́n bá mú iná lọ lọ́sàn-án, ẹ má ṣe kà á sí àkókò tó ṣòfò. Bébà kì í fẹ́ ṣáájì.

Bébà sàn ju ojú fóònù lọ fún ohun tó le. Pablo Delgado àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí 54 jọ ní 2018, èèyàn tó lé ní 170,000 ló wà nínú wọn, wọ́n rí i pé àwọn tó ka nǹkan lórí bébà lóye rẹ̀ ju àwọn tó kà á lójú ẹ̀rọ lọ, pàápàá bí àkókò bá há, àti bó bá jẹ́ ìwé ìmọ̀. Fún ìtàn-àròsọ, wọn ò rí ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó túmọ̀ sí pé owó téèyàn fẹ́ fi tẹ nǹkan jáde, háńdáàtì àti orí tó le ni kó ná an lé. Ìtàn lè wà nínú fóònù. Ẹ tẹ ojú ewé méjì sí ojú bébà kan bó bá jẹ́ lẹ́tà ńlá ni, ẹ má tẹ mẹ́rin, torí ojú tó bá ń ṣẹ́jú kò ní lè tẹ̀ lé ọ̀rọ̀.

Bó bá jẹ́ fóònù náà nìkan ló wà, ẹ ṣí ohun tí ẹ tọ́jú, ẹ mú lẹ́tà tóbi títí ìlà kan fi gba nǹkan bí ọ̀rọ̀ mẹ́jọ, kẹ́ ẹ sì lo Reading mode tí Chrome bá gbé e síwájú yín, kó lè ká ìpolówó àti àwọn líǹkì ẹ̀gbẹ́ kúrò. Flight mode kò gbọdọ̀ kúrò. Ní gbogbo ìṣẹ́jú 20, ẹ gbé ojú sókè wo nǹkan tó jìnnà tó mítà 6 fún ìṣẹ́jú-àáyá 20. Ọ̀pọ̀ orí fífọ́ tí wọ́n ń di ẹrù rẹ̀ ru ìwé kíkà, ojú ló rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ ó gba inú ìwé náà kọjá, ìkọjá kọ̀ọ̀kan kò sì jọra.

Àkọ́kọ́ kò ju ìṣẹ́jú 3 lọ: àkọlé, àwọn àkọlé kéékèèké, ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ àti ti ìkẹyìn. Àṣà fífojú gbálẹ̀ tí fóònù kọ́ wa wúlò níbí, ẹ lò ó. Ẹ kọ gbólóhùn kan nípa ohun tí ẹ rò pé ìwé náà fẹ́ sọ.

Ìkejì ni kíkà gan-an. Ẹ fi orí pẹ́ńsù tẹ̀ lé ìlà, bíi ti ọmọ kíláàsì kejì. Ẹ má tijú. Pẹ́ńsù yẹn ló ń fa ojú dé apá ọ̀tún tí ipa F kì í dé. Bí ẹ bá pàdé ọ̀rọ̀ tí ẹ ò mọ̀, tàbí orúkọ tí ẹ fẹ́ gúgù, ẹ kọ ọ́ sórí bébà lọ́tọ̀. A ń pe bébà yẹn ní ìwé ìdádúró. Ẹ kọ ọ́, ẹ tẹ̀ síwájú. Láàárín ojú ewé kan sí òmíràn, ìwé fúnra rẹ̀ sábà máa ń dáhùn ọ̀pọ̀ ohun tí ẹ kọ síbẹ̀. Èyí tó kù, ẹ ó wá a nígbà wíwá tó kàn. Ìwé ìdádúró yìí ni nǹkan tó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ohun tí a kọ síbí. Ohun tó ń lé èèyàn kúrò nídìí ìwé kì í sábà jẹ́ ọ̀lẹ. Ìbéèrè tòótọ́ ni, tó yọjú ní àkókò tí kò yẹ. Bí ọkàn bá mọ̀ pé a ti kọ ọ́ síbì kan, ó máa ń jọ̀wọ́ rẹ̀.

Ìkẹta: ẹ pa ìwé dé. Ẹ kọ gbólóhùn márùn-ún nípa ohun tí ẹ kà, láìyẹ̀ ẹ́ wò. Ó máa dùn yín, ó máa dà bíi pé ẹ ò kà nǹkan kan. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ ṣí ìwé ṣàtúnṣe. Àwọn olùwádìí méjì, Roediger àti Karpicke, dán èyí wò ní 2006. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, àwọn tó tún ìwé kà ló rántí jù. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọjọ́ 2 àti lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 1, àwọn tó ti pa ìwé dé tí wọ́n gbìyànjú láti rántí ló borí. Ìdí rèé tí títún-kà fi ń tan akẹ́kọ̀ọ́ jẹ: alẹ́ ọjọ́ tó kà á, ó dá a lójú, ọ̀sẹ̀ ìdánwò, ó ti lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, kíkà ìṣẹ́jú 12, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ọ̀sẹ̀ kẹta, 20. Ọ̀sẹ̀ kẹrin, 30. Ẹ sinmi ìṣẹ́jú 5 láàárín wọn, ẹ rìn, ẹ mu omi. Ìsinmi orí fóònù kì í ṣe ìsinmi. Ẹni tó bá fi wákàtí kan bẹ̀rẹ̀ sábà máa ń pa á tì lọ́jọ́ kẹta.

Ibi tó ti ń bàjẹ́

Fóònù tí a dojú rẹ̀ bolẹ̀ lórí tábìlì ṣì wà lórí tábìlì. Ìwádìí kan ní 2017 sọ pé wíwà rẹ̀ nítòsí lásán ń jẹ lára agbára ọkàn; àwọn tó tún un ṣe lẹ́yìn náà kò fi gbogbo ìgbà rí bẹ́ẹ̀. A ò ní bá yín jiyàn lórí ìyẹn. Ohun tó dájú ni pé èyí tó wà ní yàrá kejì gba ìgbésẹ̀ mẹ́wàá kí ọwọ́ tó kàn án, ìgbésẹ̀ mẹ́wàá sì tó láti rántí ohun tí ẹ ń ṣe.

“Líkíṣọ́rà wa máa ń fi ọ̀rọ̀ sórí WhatsApp kíláàsì, mi ò lè pa á.” Òótọ́ ni. Ẹ pa ohùn gbogbo ẹgbẹ́ yòókù, ẹ fi ti kíláàsì sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì yan ìgbà méjì tí ẹ ó máa wò ó, bíi agogo 1 ọ̀sán àti 7 alẹ́. Fún ìyá tàbí bàbá tó lè pè nígbàkigbà, ẹ fi Do Not Disturb dípò flight mode, ẹ pa dátà, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí nọ́ńbà wọn nìkan lè wọlé. Inú ò ní bí ẹnikẹ́ni nílé.

Screenshot kì í ṣe kíkà. Kíkó ọ̀rọ̀ láti ibì kan lẹ̀ mọ́ ibòmíì náà kì í ṣe kíkà. Àwòrán 400 nínú gálárì tí ẹ ò padà sí rí, ohun tí Sparrow rí ní 2011 nìyẹn: orí ti gbà pé fóònù ń tọ́jú rẹ̀, ó sì ti fọwọ́ sílẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ kọ kókó mẹ́ta dípò àwòrán mẹ́wàá.

Find in page, tàbí Ctrl+F lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀bẹ olójú méjì ni. Nígbà wíwá, ó dára gan-an: ẹ fi mọ̀ bóyá PDF olójú-ewé 200 tilẹ̀ sọ̀rọ̀ kan kajú. Nígbà kíkà, ó máa ń ju yín sí àárín ìpínrọ̀ tí ẹ ò mọ orí rẹ̀, ẹ ó ka gbólóhùn kan tí gbólóhùn tó ṣáájú rẹ̀ ti tako. Bí ẹ bá lò ó, ẹ padà sí ìbẹ̀rẹ̀ apá yẹn kẹ́ ẹ kà á wá.

UTME

Ojú kọ̀ǹpútà ni ìdánwò yìí látòkèdélẹ̀ láti 2015, nítorí náà bébà nìkan kò tó. Ìbéèrè 180 ní wákàtí 2: ìṣẹ́jú-àáyá 40 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, Gẹ̀ẹ́sì nìkan sì jẹ́ 60, tó ní àyọkà gígùn nínú. Kí ọmọ lo ọ̀sẹ̀ mẹ́rin yìí lórí bébà ná, kó wá lo ọ̀sẹ̀ méjì sí i lójú kọ̀ǹpútà, níbi tí kò sí líǹkì, tí kò sí àpótí ìwáǹkan. Lórí àyọkà, kó ka ìbéèrè lẹ́ẹ̀kan, kó ka àyọkà láti òkè dé ìsàlẹ̀, kó tó padà sí ìbéèrè. Àwọn tó ń fo àyọkà láti lọ wá ọ̀rọ̀ tó jọ ti ìbéèrè, wọ́n ń gúgù nínú gbọ̀ngàn ìdánwò ni, àwọn tó ń ṣètò ìbéèrè sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jọ àyọkà jù ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe ìdẹkùn. Kó fi ìka tẹ̀ lé ìlà lójú kọ̀ǹpútà bó ṣe fi pẹ́ńsù ṣe lórí bébà.

Fún ọmọ tó kéré ju ìyẹn lọ, nǹkan kan péré: bó bá béèrè nǹkan tí ẹ sì ní “jẹ́ ká gúgù ẹ̀”, kó kọ́kọ́ sọ ohun tí òun rò. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń pa àlọ́ àpamọ̀. A kì í já a fún ọmọ kó tó gbìyànjú.

Ìparí ọ̀sẹ̀ kẹrin

Ẹ mú bébà ọ̀sẹ̀ kìíní jáde. Ẹ ṣe ìdánwò ìṣẹ́jú 20 yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i pẹ̀lú ìwé míì tó le tó ti àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ ka ìlà. Ojú ewé tí ẹ kà dé lè má yí padà púpọ̀, ó tilẹ̀ lè dín kù, torí ẹ ò fò mọ́. Iye ìlà ló yẹ kó wálẹ̀. Bó bá wá sí ìdajì tàbí kó dín sí i, ẹ máa bá ìṣẹ́jú 30 lọ, ẹ fi 5 kún un lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ títí yóò fi dé 45, kẹ́ ẹ dúró síbẹ̀. Bí kò bá yí padà, ẹ yẹ ìwé ìdádúró yín wò ná. Bí kò bá sí nǹkan kan lórí rẹ̀, á jẹ́ pé ẹ kì í kọ ìbéèrè sílẹ̀, ẹ ń bá a jà nínú orí ni, ẹ padà sí ìṣẹ́jú 12 fún ọ̀sẹ̀ kan, kẹ́ ẹ kọ gbogbo ohun tó bá yọjú, títí kan “ṣé mo ti pa gáàsì?” Bó bá sì jẹ́ pé ó kún fọ́fọ́, ìwé náà ló ga jù yín lọ lásìkò yìí. Ẹ wá èyí tó rọrùn lórí ọ̀rọ̀ kan náà, ẹ kà á tán, kẹ́ ẹ tó padà sí i.